Irin Ọrùn-Ẹsẹ̀ Tí Mo Lọ Wá Nínú Igbó Àìwẹ̀yìn

Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u báyìí. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọbẹ̀ òun wà lórí iná nílé, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá jókòó, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ará Ìdóko. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ baba tó bí mi. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ti fi ìwo gbé mi sókè tán, mo sì ti rọ́ ìtàn fún ikún títí ó fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àpò mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Mo wọ igbó, n kò pa ohunkóhun, n kò tilẹ̀ gbé ìbọn tí mo mú lọ bọ̀ wálé, síbẹ̀ nínú gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láyé, òun ni mo fi ń yangàn jù. Irin ọkọ̀ ni mo lọ wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́, kí ọ̀nà má baà dàrú mọ́ yín lójú. Yàtọ̀ sí ọdẹ tí mo ń ṣe, mẹkáníìkì ni mí. Bí ọwọ́ mi kan bá ń rùn fún ẹ̀tù, èkejì a máa rùn fún gíríìsì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Ọdẹ́bùnmi. Àjíbóyè tó fẹ́ ẹ jẹ́ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ń dùn mọ́ bí oyin. Ó ra ọkọ̀ kékeré kan nínú ẹrù òyìnbó awọnlẹ̀ kan tó ti padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé, èèyàn méjì péré ló ń gbà, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ tu koríko etí ọ̀nà. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ nígbà náà. Àjíbóyè ní òun yóò tún un ṣe, òun yóò sì fi í gun Òkè Láńkú níbi eré ọdọọdún tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ máa ń sá nílùú wa, eré tí kò sí owó nídìí rẹ̀, tó jẹ́ pé ayọ̀ àti iyì nìkan ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sá. Ibà ló pa á kó tó tú bóòtù kan.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni Bùnmi kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún sí i lọ́rùn, àwọn obìnrin ilé kọrin fún un, kò fèsì. Ojú rẹ̀ dà bí fèrèsé ilé tí àwọn onílé ti rìnrìn àjò. Òjò rọ̀, òjò dá, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ìró irin tó ń ha irin lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú, mo rí ẹsẹ̀ ọmọ mi méjèèjì tó na jáde lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yìí wúwo jù.” Mo ti gbọ́ bíbú kìnnìún nítòsí rí, ara mi kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo ní, “Ó wúwo lóòótọ́, ọmọ mi. Kí ni ká yọ?”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irin kọ̀ọ̀kan tí Bùnmi bá gbá mú, yóò bi í pé, “Kí ni iṣẹ́ tìrẹ?” Èyí tí kò bá rí ìdáhùn sọ a di ti ẹ̀yìnkùlé. A yọ ìlẹ̀kùn, a yọ tìmùtìmù, a yọ irin tó ń gba ìkọlù níwájú àti lẹ́yìn; ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìjókòó kan ṣoṣo, ó sì lu ihò sára páànù tí kò ru ẹrù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kí ọkọ̀ fúyẹ́ ni kó di jákujàku. Ọkọ̀ ńlá dà bí géńdé, ó lè jẹun àná kó sì ṣiṣẹ́ òní. Ọkọ̀ fífúyẹ́ dà bí ọmọ ọwọ́, ojoojúmọ́ là ń tú aṣọ rẹ̀ wò. Bí Bùnmi bá ti gbé e jáde lọ dán wò, tó sì padà dé, yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kì í ṣe nítorí ẹwà, nítorí pé abẹ́ ìdọ̀tí ni sísán irin máa ń sá pamọ́ sí. Yóò da ọ́ọ̀lì rẹ̀ sínú àwo funfun, yóò gbé e sí oòrùn, yóò máa wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ara rẹ̀ nínú. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó di ẹ̀mí mú ni ó fi wáyà so, kó má baà gbọ̀n tú. Bó ti ń ṣe é ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún mi nípa Àjíbóyè, ó ń sọ nípa àlá rẹ̀, ó sì ń bú mi bí mo bá gbé sípánà síbi tí kò yẹ. Ẹ̀yin tó bí ọmọ, ẹ mọ bí èébú ṣe ń dùn nígbà mìíràn.

Nígbà tí ọjọ́ eré kù sí dẹ̀dẹ̀, Alàgbà Ṣówándé wá ṣe àyẹ̀wò. Bàbá arúgbó tó ń tiro ni, kì í rẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n sì fi ṣe olùyẹ̀wò. Ọkọ̀ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní í gun òkè. Ó mú òòlù kékeré kan, ó ń kan irin kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹ etí sí i bí ẹni ń ra ìkòkò lọ́jà. Gbogbo wọn ń dún gooro. Ó wá dé ìdí táyà iwájú lápá òsì, níbi irin kan tó gbé táyà dání, tó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ọrùn ẹsẹ̀ ti ń yí àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹn dún kọ̀, bí àpáàdì.

Ó ní, “Irin yìí ti kú.”

Mo ní, “Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kàn.”

“Kí ni mo fẹ́ tún kàn? Ó ti sán nínú, sísán náà tín-ín-rín bí irun orí. Ní Kọ́nà Àgbọ̀n, níbi tí ọ̀nà òkè ti yà lórí ọ̀gbun, ni yóò ti kán. Táyà yóò bá tirẹ̀ lọ, ọmọ rẹ yóò sì bá ọ̀gbun lọ.”

“Ẹ jẹ́ kí n jó o pọ̀.”

“Irin ọrùn-ẹsẹ̀ tí a jó pọ̀ kò ní í gun òkè yẹn níṣojú mi, Ọdẹ́jìnmí. Wá òmíràn.”

Òmíràn dà? Kí a tó bí Bùnmi ni àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ náà ti ṣíwọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù tí a kò dé. Bùnmi gbé sípánà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wọlé, ó sì tún dákẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ bá a, ó gbé e padà bó ṣe wà. Nígbà náà ni mo sáré tẹ̀lé Alàgbà Ṣówándé, mo di aṣọ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí. Nígbà èwe wa, ó fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní Kọ́nà Àgbọ̀n, ó já sínú Igbó Àìwẹ̀yìn. Ẹ̀ka igi ló gba awakọ̀ rẹ̀.” Mo bi í bó bá mọ awakọ̀ náà. Ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro hàn mí. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó lọ wá ọkọ̀ náà. O mọ irú igbó tó jẹ́.”

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ tó bá fò kọjá lókè rẹ̀ kì í ké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn ọmọ rẹ̀ sọnù kì í bẹ̀rù ibi tí yóò ti wá a. Mo gbé ìbọn tí mo jogún lọ́wọ́ baba mi, mo kó ẹ̀tù, mo kó sípánà sínú àpò, mo rọ àdí sínú ìgò, mo sì sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Láńkú ní ojúmọmọ. Bí mo ṣe wọ abẹ́ igi, oòrùn dà bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bo àtùpà. N kò ní í sọ fún yín bí mo ṣe jẹun àti ibi tí mo sùn. Ọdẹ tó bá ń ka iye iṣu tó jẹ fún yín kò rí nǹkan kan nínú igbó ni.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá pàdé dúró sáàárín ọ̀nà. Arùmásọ̀ lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ní rí láti ìgbà ìbí rẹ̀ ló rù sórí: odó, ibùsùn, ọlọ, ọkọ̀ ojú omi, ìlẹ̀kùn ilé tó ti wó. Ẹrù náà ti tẹ ọrùn rẹ̀ wọ inú àyà, débi pé ìdodo ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá máa kọjá yóò bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹrù yìí títí láé, àfi bó bá mọ èsì ọ̀rọ̀ mi. Kí ni à ń bù lára rẹ̀ tó ń tóbi sí i?”

Mo ní, “Ọmọdé yóò sọ pé kòtò ni. Èmi ní tèmi, eré ọkọ̀ ni. Ọmọ mi bu ìlẹ̀kùn kúrò, eré pọ̀ sí i. Ó bu tìmùtìmù kúrò, eré tún pọ̀ sí i.”

Arùmásọ̀ sún mọ́ mi. Ẹrù orí rẹ̀ ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní, “Ẹ yọ wọ́n kúrò, ẹ kò sì sunkún?”

“A kò sunkún.”

“Níbo ni ẹ kó wọn sí?”

“Ẹ̀yìnkùlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tí ebi ń pa, “ṣé mo lè wá kó wọn?” Mo ní kó máa bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó yà fún mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi yìí ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu kò gbà á tán. Mo yọ sí ibi gbalasa kan. Gbogbo ọkọ̀ tó ti já sínú ọ̀gbun láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé ilẹ̀ yìí ló wà níbẹ̀. Ìrókò ti hù gba inú lọ́rì kọjá, ó gbé e sókè bí ìyá ti ń gbé ọmọ. Ìtàkùn wé sítíárìn. Oyin kọ́ ilé sínú iná iwájú ọkọ̀, oyin náà sì ń tàn. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo bọ́ fìlà láìmọ̀. Obìnrin kan jáde láàárín wọn, ó ga, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà irin, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Atẹ́tísírin ni wọ́n ń pè é. Ó ń lọ láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn, ó ń fi etí lé wọn bí a ti ń fi etí lé àyà aláìsàn.

Ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wa irin jáde nínú ilẹ̀, ẹ fi iná sí i nínú, ẹ ní kó máa sáré. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ta ló ń sọ fún?”

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó fèsì. Mo ní, “Ìyá, ó ń sọ fún ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá gbóná jù, ó ti sọ̀rọ̀. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, ó ti sọ̀rọ̀. Bí ó bá dún kọ̀ lábẹ́ òòlù, ó ti ń dágbére.”

Etí rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó bi mí ohun tí mo ń wá, mo sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sọ ti Bùnmi, mo sọ ti Àjíbóyè. Ó mú mi dé ìdí ọkọ̀ kékeré kan tí ewéko ti bò. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ ojú ìbejì. Ó fi ìka kan irin ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin náà dún gooro, ìró rẹ̀ sì rìn jìnnà láàárín igi. Ó ní, “Yóò di tìrẹ bí o bá ṣe ohun kan fún mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn nìkan ni mo gbọ́ rí, ìró kíkán àti ìró fífọ́. N kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin nígbà tí wọ́n wà láàyè. Jí ọ̀kan fún mi.”

Mo yan lọ́rì àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń fi irin yí níwájú kó tó dáhùn. Mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo fi ewé ìpín ha á títí ó fi ń dán. Mo bu àdí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípò ọ́ọ̀lì, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè rin gbogbo oríkèé. Atẹ́tísírin gbọn omi igi kan tó mọ́ gaara tó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù wá fún mi; mo fi aṣọ fìlà mi sẹ́ ẹ. Mo di irin iwájú lọ́rì náà mú, mo yí i, kò fọhùn. Mo tún yí i. Ó wú ikọ́. Mo sọ fún un bí Bùnmi ti máa ń sọ fún tirẹ̀ pé, “Rọra, a kò lé ọ,” mo sì tún yí i. Ó gbà.

Mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́ níhìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà fọhùn, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi gbóná. Iná kan là nínú ìdí ìrókò, òmíràn là lókè, òmíràn là nínú ìtàkùn, títí gbogbo igbó fi mọ́lẹ̀ bí ìlú. Fèrè ọkọ̀ ń dáhùn láti inú igi. Lára àwọn lọ́rì náà, mo gbọ́ ohùn àwọn èrò ìgbà láéláé, wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú ìrìn, ọmọ kan ń béèrè bí ọ̀nà ṣe kù tó. Kò sí ìbẹ̀rù nínú ohùn wọn. Omijé pípọ́n ń ṣàn lójú Atẹ́tísírin. Ó ní, “Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọrin,” ó sì wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ irin ọrùn-ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń já èso, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Lójijì etí rẹ̀ yí sí ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹni tó kó wọn wá síbí ti gbọ́. Máa lọ. Má sì ru ohun tí o kò nílò.”

Ìjàǹbá fúnra rẹ̀ ló jí. Mo rí i. Ojú rẹ̀ pọ̀ níwájú, kò ní ọ̀kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín rẹ̀ jẹ́ gíláàsì fífọ́, èémí rẹ̀ ń rùn bí táyà tó ń jóná, kì í sì í yà fún igi. Ó ń gba inú igi kọjá ni. Mo yìnbọn fún un, ọta náà wọ ara rẹ̀, ó sì fi í tóbi sí i. Mo sá. Ẹni tó bá ní ọdẹ kì í sá kò tíì rí ohun tí a ń sá fún. Mo ń gun ọ̀nà òkè, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, mo sì ju àpò sípánà sílẹ̀, mo ju ẹ̀tù sílẹ̀. Arùmásọ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń ṣa ohun tí mo ń jù, ó ń dúpẹ́. Ó ku ìbọn baba mi ní èjìká mi àti irin ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Èémí Ìjàǹbá ń jó mi lẹ́yìn ọrùn. Mo bi ìbọn náà pé, “Kí ni iṣẹ́ tìrẹ?” Kò rí èsì sọ. Mo jù ú sílẹ̀, ara mi sì fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Níwájú mi, ọ̀nà náà yà bìrí lórí àpáta, ọ̀gbun sì wà níwájú rẹ̀. Bùnmi ti sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń dán ọkọ̀ wò: “Bàbá, kí ẹ tó dé kọ́nà ni kí ẹ ti dín eré kù. Ẹni tó bá wọ inú kọ́nà kó tó rántí bíréèkì ti pẹ́ jù.” Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ń kígbe pé kí n sáré sí i, mo dín eré kù. Ohun tó ṣòro jù tí mo ṣe láyé nìyẹn. Mo gbọ́ bí gíláàsì ẹnu rẹ̀ ṣe kan aṣọ mi. Mo yà. Ìjàǹbá kò lè yà, ó wúwo jù, kò sì ní ojú ẹ̀gbẹ́. Ó lọ tààrà. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró ìṣubú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó kú. Ìjàǹbá kì í kú, ó kàn ń sinmi ni.

Mo dé ilé, mo gbé irin náà sílẹ̀ níwájú Bùnmi. Ó wò ó, ó wo aṣọ ẹ̀yìn mi tó ti ya, ó wo èjìká mi tí kò sí ìbọn lórí rẹ̀. Ó gbé irin náà, ó jáde. Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń dúró de ìròyìn aboyún. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀: “Bàbá, ẹ bá mi mú gíríìsì wá.” Ìyá rẹ̀ fi aṣọ bo ojú. Èmi ni mo mú un lọ.

Alàgbà Ṣówándé kan irin náà lọ́jọ́ eré. Ó dún gooro. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó ní, “Jẹ́ kó gòkè.” Bùnmi so bẹ́líìtì mọ́ra, ó dé akoto rẹ̀, ó sì lọ. Ìsàlẹ̀ òkè ni mo dúró sí, igbó sì tètè bò ó, etí nìkan ló kù fún mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pa gíà dà, mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń kọrin láti ẹ̀gbẹ́ òkè kan bọ́ sí èkejì. Ó dé Kọ́nà Àgbọ̀n, ohùn náà sì rẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, Alàgbà Ṣówándé sì di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ó tún gbéra, ó ga, ó mọ́, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sí i, bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí àgò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ń bi mí lẹ́ni tó gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún náà. Àwọn tó wà lókè ló mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ, èmi ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo ń tẹ́tí.